Òdo Mẹ́rìndínlógún

                                                            Yàrá Kẹta, Àjà Kejì,
                                                            Òkè Ilé Alágbàfọ̀,
                                                            Òpópónà Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                                            Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó fi mí sílẹ̀ lọ,

Ṣé àlàáfíà ni o? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí o ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tí wọ́n gbàgbé láti sá aṣọ sí? Bàbá yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n nítorí ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń wà ti fúyẹ́? Màmá yín ńkọ́? Àbúrò rẹ tó máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì bí ẹni ń jẹ súgà, ṣé kò tíì jẹ pátákó ìkọ̀wé mọ́ ọn nílé ìwé tuntun yẹn? Bí o bá bèèrè mi, mo wà. Orí mi ṣì wà lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó já ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi gùn bẹ́ẹ̀. Wá nǹkan jókòó lé.

O mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n mi ti lóyún kí ẹ tó kó lọ. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ìbejì ló wà níbẹ̀. Dókítà fi ìka tọ́ka sí i nínú àwòrán, orí kan rèé, orí kejì rèé, Ẹ̀gbọ́n sì ṣe ojú bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé bọ́ọ̀sì méjì fẹ́ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láti ojú kan. Ṣebí o rántí pé àwọn ló ń kọ àkókò tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń gbéra ní ibùdókọ̀. Ọkọ wọn tí à ń pè ní Kápítéènì kò sí nílé. Ọ̀dùnkún ni Kápítéènì ń bó ní ilé ìdáná ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà kò sì ní padà sí èbúté títí oṣù tó ń bọ̀. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà nílé. O sì mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá wa ti kú, àwọn ló ṣe ìyá ṣe bàbá fún mi.

Kò pẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún dé. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí àwọn gbé àwọn ọmọ náà jáde kí oṣù wọn tó pé, àti pé ọmọ tó bá kéré bẹ́ẹ̀ kò lè fa ọmú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, o kò lè ní kó máa fà, kó máa gbé e mì, kó tún máa mí pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ni wọn yóò fi máa fún omi ọmú sínú ìgò. Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa, bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ ni àwọn máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí àwọn máa padà síbi iṣẹ́, àwọn sì fẹ́ fi ojú ara àwọn rí iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mu.

Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá rí bí a ṣe múra, wàá rò pé ogun là ń lọ. Ẹ̀gbọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú fìríìsà jáde, títí kan áísìkiriìmù mi tí mo kọ orúkọ mi sí lára. Wọ́n ní àyè ìgò ni. Wọ́n gbé tábìlì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì búra pé ẹni tó bá gbé kọ́kọ́rọ́ tàbí kóòmù lé e, òun àti àwọn ni. Wọ́n gba rúlà mi tí mo fi ń ya ìlà nílé ìwé, wọ́n fi wọn orí ọmú wọn kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n ife tó máa bá a mu. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè fi rúlà yẹn ṣe ìṣirò mọ́. Ojú rúlà ń tì mí.

Olùkọ́ kan, ọ̀rẹ́ Ẹ̀gbọ́n, tó ti fi ẹ̀rọ bọ́ ọmọ tiwọn rí, ló yá wa ní ẹ̀rọ náà, Ẹ̀gbọ́n sì ra gbogbo ẹ̀yà tó ń kan ara ní tuntun. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀! Fìí-kọ̀, fìí-kọ̀, bí ẹni tó ń sunkún tí òṣùkè tún ń mú. Ó ní ife méjì tó ṣe bí ẹnu fèrè, okùn méjì tó ní ihò nínú, ìgò méjì, àti rọ́bà funfun méjì tí kò tó orí ìka ọmọńdinrín, tó rí bí ẹnu ẹja. Olùkọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rọ́bà yìí fún wa dáadáa. Èmi ń wo bàtà wọn ní gbogbo ìgbà yẹn. Bàtà náà dára, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ká má purọ́.

Ẹ̀gbọ́n wá ya àtẹ àkókò sórí káàdì ńlá, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ya ti bọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ìlà kan wà fún àkókò, ọ̀kan fún iye tó jáde, ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó fọ ohun èlò, èyí tó kẹ́yìn sì wà fún àlàyé. Wọ́n sọ ọ́ fún mi bí ìgbà igba pé ní ibùdókọ̀ àwọn, òdo àti "ọkọ̀ bàjẹ́" kì í ṣe ohun kan náà. Òdo ni pé ọkọ̀ lọ, kò rí èrò. Ọkọ̀ bàjẹ́ ni pé èrò wà, ọkọ̀ ni kò lè lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ òdo síbi tó yẹ kó kọ ọkọ̀ bàjẹ́, ó ti ba orúkọ awakọ̀ jẹ́ láìṣẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ọmú mà ni, kì í ṣe bọ́ọ̀sì." Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé kí n gba pẹ́ńsù.

Èmi ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá ìfọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù, tí mo sọ ní Kíákíá nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn, sísá ló ń sá, ló kọ́ mi níṣẹ́. Kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ. Tú gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú ọpọ́n tirẹ̀. Sè é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kó gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo lè tú ẹ̀rọ náà kí n tún tò ó pọ̀ kí o tó sín. Ìgbéraga wọ̀ mí lẹ́wù. Mo ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá àgbà.

Ọjọ́ Ajé ni mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n lọ fún àyẹ̀wò, èmi nìkan ló wà nílé. Mo ti kó àwọn ife jáde, rọ́bà méjèèjì ló kù nínú omi híhó, ni awakọ̀ méjì bá bẹ̀rẹ̀ ìjà nísàlẹ̀ lórí ibi tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀kan ní òun máa ká ọkọ̀ èkejì bí aṣọ kí òun tì í bọ àpò. Ìwọ náà sọ òtítọ́, ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní yọjú lójú fèrèsé? Òórùn ló pè mí padà. Omi ti gbẹ pátá. Mo ṣí ìdérí, rọ́bà méjèèjì ti yí àwọ̀ padà, ẹnu wọn sì là sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òfófó.

Mo tẹ̀ wọ́n pa dé, wọ́n tún là. Mo wá sọ fún ara mi pé rọ́bà tí kò tó ìka, kí ló lè ṣe? Mo tò ó padà, ẹ̀rọ náà sì ń ké fìí-kọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ní bí Ẹ̀gbọ́n bá dé, màá sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n kò dé. Fóònù ló dún. Dókítà ti dá wọn dúró, kí n kó báàgì àti ẹ̀rọ wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, ọmọbìnrin méjì sì ti wà nínú àpótí gíláàsì tó ń mú ara gbóná. Mo sọ àgbà ní Aláriwo nítorí igbe rẹ̀. Mo sọ àbúrò ní Jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mi ò sì sọ àsọdùn nínú eléyìí.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ. Òdo. Kíákíá ní kí wọ́n má bẹ̀rù, ìbẹ̀rẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́fà, òdo. Aago mẹ́sàn-án, òdo. Ọjọ́rú, òdo látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń fọ̀ ọ́, tí mò ń sè é, tí mò ń tò ó, tí mò ń fi orúkọ mi sí ìlà ẹni tó fọ̀ ọ́. Rọ́bà méjèèjì ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Mo ń sọ fún ara mi pé Kíákíá ti ní ìbẹ̀rẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣebí nọ́ọ̀sì mọ̀ ju èmi lọ.

Ìyá Kápítéènì ti dé nígbà yẹn láti wá ran wa lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ náà, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ̀rọ lẹ fi ń fọṣọ, ẹ̀rọ lẹ fi ń lọ ata, ẹ wá fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ọmú. Wàrà agolo ni mo fi tọ́ ọkọ yín. Ṣebí ó ga ju ilẹ̀kùn lọ?" Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ó ga ju ilẹ̀kùn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mọ ìgbà tó yẹ kó wà nílé. Mo gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n kàn ní, "Màmá, àgbà ń gbà á. Àbúrò ni kò gbà á." Òótọ́ ni. Wàrà agolo tí wọ́n ń rọ díẹ̀díẹ̀ sínú Jẹ́jẹ́, ó ń dá a padà ni, ikùn rẹ̀ sì ń wú. Dókítà ní omi ọmú ìyá rẹ̀ ló máa bá inú rẹ̀ mu jù, kí àwọn ṣe sùúrù fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá wo Jẹ́jẹ́, o ò ní rí ẹni tó lè ṣe sùúrù púpọ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá, òdo kẹrìndínlógún. Àyà Ẹ̀gbọ́n ti le bí òkúta, ó ń gbóná, bí aṣọ bá kàn án wọ́n á fa èémí. Kíákíá sáré wọlé, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ̀kán mẹ́ta já bọ́ sórí aṣọ. Ó ní, "Háà! Omi kún ibí bíi táǹkì. Kí ló wá dé tí kò bọ́ sínú ìgò?" Bí ó ṣe fẹ́ yí padà sí ẹ̀rọ báyìí ni aago dún láti yàrá kejì, ó sì ti lọ. Mo ti sọ fún ọ pé kì í rìn.

Mo dìde, mo jókòó. Ẹ̀gbọ́n kọ ojú sí ògiri, wọ́n ní, "Aago mẹ́ta ni mo fún ara mi. Bó bá tún jẹ́ òdo, kí wọ́n fún mi ní oògùn tó ń gbẹ omi ọmú. Ẹni tí kò ní kì í fi tipátipá ní." Ohùn wọn kò gbọ̀n rárá. Bó bá gbọ̀n ni, ì bá sàn fún mi.

Mo yọ rọ́bà méjèèjì lára ẹ̀rọ, mo ní mò ń lọ fọ nǹkan, mo sì bọ́ sí ìta. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo sáré tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji mi fi ń pè mí lẹ́yìn pé kí n dúró de òun. Mo bá Olùkọ́ ní kíláásì, àwọn ọmọ ń ka ìwé lọ́wọ́. Mo na rọ́bà sí wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Ìwọ lo sun èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ni mo sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni?"

Mo wolẹ̀. Bàtà yẹn náà ni wọ́n tún wọ̀.

"Mo mọ̀ pé bàtà lò ń wò lọ́jọ́ náà!" Wọ́n wá tún un ṣàlàyé fún mi, gbogbo kíláásì sì ń gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń fà, ẹnu rọ́bà á pa dé kí agbára ìfà lè dé ara. Bí ẹ̀rọ bá sinmi, ẹnu rọ́bà á là kí omi lè bọ́ sínú ìgò. Rọ́bà tí ẹnu rẹ̀ kò pa dé mọ́, atẹ́gùn lásán ni ẹ̀rọ ń fà. Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n mú tuntun méjì tó ṣẹ́ kù nínú páálí láti ìgbà ọmọ tiwọn jáde, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀?" Mo tún wo bàtà wọn. Wọ́n wo aago, wọ́n ní, "Máa lọ."

Lójú ọ̀nà ni èṣù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣáà lè fi tuntun sí i ní kọ̀rọ̀. Omi á jáde, gbogbo ènìyàn á yọ̀, èmi tí mo fọ̀ ọ́ ni wọ́n máa gbóríyìn fún. Ta ló máa mọ̀? Olùkọ́ nìkan, Olùkọ́ kì í sì í ṣòfófó. Mo ti pinnu bẹ́ẹ̀ tán. Mo ti ń kọ́ bí màá ṣe rẹ́rìn-ín.

Mo wọlé ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀gbọ́n di ojú, káàdì àtẹ wà lórí itan wọn, pẹ́ńsù sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo yọjú wò ó. O rántí ìlà tó kẹ́yìn, ti àlàyé? Òfo ló wà látọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní báyìí wọ́n ti kọ nǹkan sí i, sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà nígbà mẹ́rìndínlógún: "Ara mi. Ara mi. Ara mi."

Gbogbo ẹ̀rín tí mo kọ́ lójú ọ̀nà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀. Mo kó rọ́bà tó jóná àti tuntun lé orí ibùsùn, mo sì sọ ọ́ láti orí dé ìdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìmí: ìjà awakọ̀, òórùn, ẹnu tó là, gbogbo rẹ̀.

Ìyá Kápítéènì la ẹnu bíi ti rọ́bà yẹn gan-an. "Ìwọ ọmọ yìí! Ìwọ ọmọ yìí!" Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè, Ìyá sì dákẹ́, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ìyanu tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mú rọ́bà tó jóná, wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì gba ẹnu rẹ̀ kọjá.

"Láti ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ajé, mà."

"Ọjọ́ Ajé. O sì ń wò mí."

Ọ̀rẹ́ mi, ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Kí wọ́n gbá mi láti ibẹ̀ dé ilé yín, kí o wá gbé mi nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò gbá mi. Wọ́n bèèrè aago. Mo ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wọ́n ní, "Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Mo fọ rọ́bà tuntun, mo sè é, mo wá to ẹ̀rọ náà. Èmi tí mò ń tò ó kí ènìyàn tó sín, ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ni mo lò. Nígbà tí wọ́n tàn án, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ó wúwo, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan dì mú. Ìṣẹ́jú kan lọ, kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú kejì lọ. Mo ń ka èémí ara mi. Ìyá Kápítéènì tẹ̀ síwájú títí gèlè wọn fi fẹ́ bọ́ sínú ife. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kán kan rọ̀ mọ́ ẹnu rọ́bà, aláwọ̀ bí ọsàn, ó rọ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó sì já. Òmíràn tẹ̀lé e. Òmíràn. Lẹ́yìn náà, n kò lè kà á mọ́. Ìgò òsì kan ìlà kìíní, tọ̀tún kọjá ìlà kejì. Ẹ̀gbọ́n ń sunkún, Ìyá ń sunkún, Kíákíá sáré wọlé, ó gba ìgò, ó sì sáré jáde. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn eré rẹ̀.

Wọ́n fi okùn tó tín-ín-rín bí òwú rọ ọ́ sínú Jẹ́jẹ́. A wá jókòó, a ń wo ikùn. Wákàtí kan. Kò dá a padà. Wákàtí méjì. Ikùn kò wú. Nígbà tí a fi máa lo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i, Jẹ́jẹ́ ké. Igbe náà kò tó ti ọmọ ológbò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dìde jó.

Ẹ̀gbọ́n bèèrè ìrésà mi. Wọ́n pa "Ara mi" rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, wọn ò kánjú. Wọ́n wá fagi lé òdo kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ sí ìlà àlàyé: "Ọkọ̀ bàjẹ́." Ní ìsàlẹ̀, wọ́n na pẹ́ńsù sí mi pé kí n buwọ́ lù ú, bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń ṣe ní ibùdókọ̀. Mo buwọ́ lù ú.

Àná ni wọ́n dá Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì wà nínú gíláàsì, dókítà kò sì tíì sọ ọjọ́ kan. Jẹ́jẹ́ ṣì kéré. Bí fóònù bá dún, ọkàn gbogbo wa á fò sókè. Èmi ni mò ń gbé ìgò lọ nínú kúlà, mo sì ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Ẹ̀gbọ́n kò tíì bá mi ṣeré. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀: aago báyìí, ìgò báyìí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní mo rí àtẹ ọ̀sẹ̀ tuntun tí wọ́n yà. Mo rò pé orúkọ Ìyá Kápítéènì ni màá bá ní ìlà ẹni tó ń fọ ohun èlò. Orúkọ mi ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi bírò kọ ọ́.

Jọ̀wọ́ bá mi kí Bàbá, kí o kí Màmá, kí o sì gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ àbúrò rẹ. Bí o bá rẹ́rìn-ín mi níbi ìjà awakọ̀, mo dárí jì ọ́. Bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, màá mọ̀. Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni báyìí, ìdúró ni mo sì wà tí mò ń kọ èyí nídìí sítóòfù, nítorí rọ́bà wà nínú omi. Àwọn awakọ̀ méjì yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ní òun máa jẹ ọkọ̀ èkejì pẹ̀lú ṣíbí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mi ò wo fèrèsé.

Èmi ni tìrẹ nídìí ìkòkò,
Ìjàǹbá.